Lọ́fínńdà Onígi Fún Ọkùnrin: Bí Mo Ṣe Ń Pò Ó

Oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Ọyẹ́mẹ́kùn, Àkúrẹ́, tó ní òun fẹ́ lọ́fínńdà onígi, gẹdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà, ta ni ò mọ òórùn ibi tí wọ́n ti ń la pákó? Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọkùnrin ń lò lóde òní fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbẹ, ata díẹ̀ wà níbẹ̀, a sì máa lẹ̀ mọ́ awọ ara pẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ra òṣùwọ̀n tó lè wọn 0.01 gíráàmù. Ẹni tó bá ń ka ìkán òróró ò ní lè po irú rẹ̀ mọ́ láéláé, torí òróró vetiver ki, òróró bẹ́gámọ́ọ̀tì, èso kan tó jọ ọsàn, ṣàn, ìkán wọn ò lè dọ́gba.

Fún 10 gíráàmù òróró: Iso E Super (èròjà tí wọ́n ṣe nílé ìwádìí, tó ń run bí igi) 3.5, Hedione (èròjà bẹ́ẹ̀ náà, tó ń run bí òdòdó) 1.5, òróró igi kédárì Virginia 1.5, vetiver Haiti 1.0, Ambroxan 0.8, patchouli (òróró ewé) 0.2, bẹ́gámọ́ọ̀tì 1.2, òróró ata dúdú 0.3. Ambroxan yìí, èròjà líle bí iyọ̀ ni, ẹ ti yọ́ gíráàmù 1 rẹ̀ sínú gíráàmù 9 ọtí lọ́fínńdà kí ẹ tó wọn 0.8 jáde nínú àpòpọ̀ yẹn. Bẹ́gámọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ FCF sí lára ni kí ẹ rà, ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ èròjà furocoumarin kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí kò ní FCF lè jẹ́ kí oòrùn jó awọ ara.

Iso E Super ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. IFF, iléeṣẹ́ tó ń ṣe èròjà olóòórùn, ló gbé e jáde lọ́dún 1973. Nígbà tó di 2006, Geza Schoen, ọmọ Jámánì tó ń po lọ́fínńdà, fi Iso E Super nìkan ṣe odindi lọ́fínńdà tó pè ní Molecule 01. Ẹ ṣọ́ra fún un o. Àwọn kan kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ rárá, imú tó sì gbọ́ ọ á tètè ní òun ò gbọ́ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un bù sí i, tí yóò fi bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Ẹ jáde síta, ẹ gba atẹ́gùn, kí ẹ tún padà wá gbọ́ ọ.

Kédárì Virginia yẹn kì í ṣe kédárì tòótọ́, ẹbí igi mìíràn tí wọ́n ń pè ní juniper ni. Igi rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe pẹ́ńsù nígbà kan, ìdí nìyẹn tó fi ń run bíi pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Vetiver ńkọ́? Gbòǹgbò koríko ni.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá ìyèré tí wọ́n rẹ sínú ọtí ò lè rọ́pò òróró ata dúdú. Ẹ dán an wò lọ́tọ̀ bí ó bá wù yín. Ó dùn, àmọ́ ọbẹ̀ ló ń mú wá sọ́kàn, mi ò sì lè tà á fún ọkọ ìyàwó.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ẹ ti po àwọn òróró náà pọ̀, ẹ da 40 gíráàmù ọtí lọ́fínńdà tó le tó ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Ògógóró ò ṣeé lò: omi inú rẹ̀ á mú kí òróró náà dàrú, òórùn tirẹ̀ náà ò sì ní gbà. Ẹ má pò ó nítòsí sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀. Ẹ dé e pa, kó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò móoru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn Àkúrẹ́, bẹ́gámọ́ọ̀tì kì í pẹ́ lọ. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà dé Alágbàká, igi àti ata nìkan ló máa kù lára rẹ̀. Torí náà, ẹ má fi ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dájọ́ rẹ̀. Ẹ fi sórí bébà, kí ẹ kọ aago sí i, kí ẹ sì gbọ́ ọ lálẹ́. Bí òórùn ilẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ dín vetiver kù sí 0.6. Bí ó bá gbẹ jù, ẹ yọ 0.3 nínú kédárì, kí ẹ fi òróró igi sandalwood dí i.

Ọkọ ìyàwó ni kó fọ́n ọn sáyà àti ọrùn kó tó wọ bùbá. Ẹ má jẹ́ kó kan aṣọ òkè funfun, vetiver àti patchouli ní àwọ̀.