Bí mo ṣe rán ọmọláńgidi tó ṣeé pọ̀n

Ọmọláńgidi tí kò bá ṣeé pọ̀n, àwọn ọmọdébìnrin ilé wa kì í bá a ṣeré pẹ́. A ti ra oníke fún ọmọ àbúrò mi rí, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan gbagidi. Bó bá ti gbé e sẹ́yìn tó ń wá etí ọ̀já, ọmọ náà á ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pa á tì, tó padà sídìí ìrọ̀rí tó ti ń pọ̀n tẹ́lẹ̀, nítorí ìrọ̀rí rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ọ̀já sì ń rí i gbá mú. Nígbà tí mo wá jókòó láti rán ọmọláńgidi aṣọ fún un, ohun tí mo fi ṣáájú nìyẹn. Kò ní jẹ́ ohun tí a ó gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí a ó máa wò. Ẹ̀yìn ọmọdé ni yóò máa gbé, ibẹ̀ ni mo sì ti mú gbogbo ohun tí mo gé àti ohun tí mo fi abẹ́rẹ́ yà.

Mo ya bátànì rẹ̀ sórí páálí pẹlẹbẹ. Gíga rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 15, mo sì pín in sí mẹ́ta: orí 5, ọrùn dé ìdí 5, ẹsẹ̀ 5. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ ọmọláńgidi inú ilé ìtajà lè sọ pé orí yìí ti tóbi jù. Kò tóbi jù. Ẹ wo ère ìbejì dáadáa, ẹ ó rí i pé orí máa ń kó bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí nínú mẹ́rin gíga ère náà. Àwọn agbẹ́gilére wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, orí ni wọ́n kà sí àgbà ara. Fún èmi tí mò ń ránṣọ, orí ńlá tún ní àǹfààní mìíràn: àyè wà láti rán ojú tó ṣe kedere.

Ẹsẹ̀ ló gba ìrònú jù. Nínú bátànì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, ara àti ẹsẹ̀ máa ń wà lára aṣọ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì nà tààrà sísàlẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè ya ẹsẹ̀. Mo gé ẹsẹ̀ tèmi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo rán wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí dípò abẹ́ rẹ̀, mo sì kọjú ọmọ ìka ẹsẹ̀ síta díẹ̀. Ibi tí itan ti pàdé ìdí, n kò ki nǹkan kan sí i ní ìwọ̀n bí ínǹṣì kan. Mo rán ìlà kan kọjá lórí ibẹ̀ kí ohun tí mo kì sínú itan má baà rìn wọ ibẹ̀. Bákan náà ni mo ṣe orúnkún. Nígbà tí mo gbé e lé orí itan mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sọ́tùn-ún sósì fúnra rẹ̀, ó sì ká lórúnkún. Ìdí ni mo ki nǹkan sí jù, kí ọ̀já lè rí ibi tí yóò gbá mú lábẹ́. Mo sì fi díẹ̀ kún gígùn apá rẹ̀ kí ọwọ́ lè dé èjìká ẹni tó pọ̀n ọ́n.

Aṣọ òwú aláwọ̀ kòkó ni mo rà fún ara rẹ̀ ní ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo níbí, ọ̀pá kan péré, ó sì ṣẹ́kù. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí ṣítáàṣì rẹ̀ lè jáde, mo sá a, mo lọ̀ ọ́ kí n tó gé e. Aṣọ tó bá súnkì lẹ́yìn tí a ti rán an, ojú ọmọ á wọ́. Òwú inú ìrọ̀rí, èyí tó ń gbẹ kíá, ni mo kì sínú rẹ̀. Òwú oko dára lọ́wọ́, àmọ́ tí a bá fọ̀ ọ́ ó máa ń dì jọ, ó sì ń pẹ́ kó tó gbẹ. Fóòmù wẹ́wẹ́ sì máa ń yọ kókó lábẹ́ aṣọ.

Ojú ni mo rán kí n tó gé orí kúrò lára aṣọ, nígbà tí aṣọ ṣì fẹ̀ tó láti nà sínú òrùka onígi. Lẹ́yìn tí a bá ti ki orí tán, kò sí ibi tí èèyàn yóò fi ẹ̀yìn òwú pamọ́ sí mọ́. N kò lo bọ́tìnnì fún ẹyinjú rárá. Ọmọ kékeré máa ń fi eyín já bọ́tìnnì, ó sì lè fún un lọ́fun. Òwú dúdú ni mo fi fa ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀, mo fi òwú kún inú ẹyinjú tí n kò sì jẹ́ kí aṣọ hàn láàárín òwú kan sí èkejì, mo wá fi òwú funfun kan kóókó sí i kí ojú lè tàn. Ìyá àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa tó ti ń pa aṣọ láró láti ìgbà èwe rẹ̀, Màmá Aláró la máa ń pè é. Ó yà kí mi, ó gbé ojú náà sókè, ó ní, "Ilà ńkọ́?" Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò kọlà mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú rẹ̀ mọ́ náà.

Rírán ara pọ̀ kò le. Mo dín ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ máṣíìnì kù títí ó fi rí wẹ́wẹ́, nítorí ohun tí a ó ki nǹkan sí máa ń fa ojú rírán gan-an. Mo fi sísọ́ọ̀sì já etí aṣọ díẹ̀díẹ̀ níbi ọrùn àti abíyá kí ó tó yí síta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò wú jọ. Ẹ̀yìn ṣíbí onígi ni mo fi ń ti òwú wọlé, díẹ̀díẹ̀, láti ìka dé òkè. Ọrùn ni kí ẹ ṣọ́. Mo fi ọrùn sílẹ̀ ní ínǹṣì méjì ní fífẹ̀, mo kì í títí kò fi ṣeé tẹ̀ mọ́. Àwọn kan máa ń ki igi bọ ọrùn kí orí má baà yẹ̀. N kò gbà á nímọ̀ràn fún ohun tí ọmọdé yóò máa sùn tì.

Ọnà tí n ó rán sára bùbá rẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù. Ìlú aró ni Òṣogbo, ìlú àwọn tó ń yàwòrán sì ni. Lẹ́yìn tí Dúró Ládiípọ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, tí ayàwòrán Georgina Beier sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán níbẹ̀ ní 1964, ara àwọn tí a wá mọ̀ ní ayàwòrán Òṣogbo ni Jimoh Buraimoh tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, àti Adébísí Fábùnmi tó ń fi òwú wúùlù ya tirẹ̀. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ òwú bẹ́ẹ̀ kò ní ka abẹ́rẹ́ sí ohun tí a fi ń tún aṣọ ya ṣe nìkan. Ẹja ni mo mú, nítorí ẹja tó fò bọ́ sí ọwọ́ Láróòyè, ọba àkọ́kọ́ ìlú yìí, létí odò Ọ̀ṣun, tí oyè ọba wa, Àtáọ́ja, ti wá, kò sí ọmọ ìlú yìí tí wọn ò sọ ìtàn rẹ̀ fún.

Mo ya ẹja méjì sórí pépà fún àyà bùbá. Màmá Aláró wò ó, ó ní, "Bí wọ́n bá pọ̀n ọ́n tán, ta ni yóò rí àyà rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ọmọ tó wà lẹ́yìn, àyà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹni tó pọ̀n ọ́n, ọ̀já sì bo ìbàdí rẹ̀. Ohun tí ará òde ń rí ni ẹ̀yìn orí, èjìká, àti ẹsẹ̀ tó yọ lábẹ́ ọ̀já. Mo mú téèpù, mo wọn ẹ̀yìn bùbá láti ọrùn dé ibi tí ọ̀já yóò gbà: ínǹṣì mẹ́rin ní fífẹ̀, ínǹṣì méjì ní gíga. Gbogbo àyè tí mo ní nìyẹn.

Mo wá rántí bí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe máa ń ṣe é. Kí wọ́n tó fi ìyẹ́ adìyẹ mú ẹ̀kọ láti ya ohunkóhun, wọ́n á ti pín aṣọ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, àwòrán kọ̀ọ̀kan á sì mọ ilé tirẹ̀. Bí ẹ bá wo Ìbàdándùn, ẹ ó rí àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, ṣíbí á wà láàárín òpó àti òpó, ìkankan ò ní wọ ilé ìkejì. Mo pín àyè tèmi sí ojúlé méjì, ínǹṣì méjì lóròó, ínǹṣì méjì níbùú, mo fi ẹja kọ̀ọ̀kan sí ojúlé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n kọjú síra, mo sì fi ìlà kan pààlà sáàárín wọn.

Ẹja tí mo kọ́kọ́ yà ní ìpẹ́ lára látòkè délẹ̀, lẹ́bẹ́ rẹ̀ sì ní ìlà wẹ́wẹ́. Ó dára lórí pépà ńlá. Nígbà tí ó bá wá di sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ọ̀rọ̀ yí padà. Òwú iṣẹ́ ọnà máa ń ní fọ́nrán mẹ́fà. Bí a bá fa méjì yọ láti fi rán, ìlà tó ń fà nípọn tó mìlímítà kan. Bí ìlà méjì kò bá jìnnà síra tó mìlímítà mẹ́ta, ojú lè rí wọn pọ̀ ní ẹyọ kan láti òkèèrè. Mo mú pépà onílà igun mẹ́rin, mo tún ẹja náà yà, mo ń yọ ohun tó pọ̀ kúrò: ìpẹ́ di ìlà kọdọrọ mẹ́ta, lẹ́bẹ́ di ìlà méjì, ìrù di fọ́ọ̀kì, ojú di kókó òwú kan ṣoṣo. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣì jẹ́ ẹja. Ìyẹn ni mo gbà.

Àkísà adìrẹ kan tí Màmá fún mi ni mo fi rán bùbá, aró èlú gidi. Ó ní tí wọ́n bá ń yọ aṣọ jáde nínú ìkòkò, ewéko ni yóò kọ́kọ́ rí, bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i ni yóò máa di aró. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má tíì fi òwú funfun kàn án, nítorí aró tó bá ṣì ń ṣí lára aṣọ yóò ba òwú jẹ́. Mo ń ṣàn án nínú omi tútù títí omi fi mọ́, mo wá fi aṣọ funfun tútù nù ún. Nígbà tí nǹkan kan kò ṣí mọ́ ọn mọ́ ni mo tó mú abẹ́rẹ́.

Pépà kábọ̀n dúdú tí a fi ń da àwòrán kọ kì í hàn lórí aró. Ohun tí mo lò ni pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Mo ya ẹja sórí rẹ̀, mo fi òwú tákì í mọ́ ẹ̀yìn bùbá, mo sì ń rán kọjá lórí pépà náà. Ẹ̀wọ̀n ni mo fi fa ara ẹja: abẹ́rẹ́ á padà sí ojú ihò tó ti jáde, yóò yọ ní iwájú díẹ̀, a ó fi òwú yí sábẹ́ ẹnu rẹ̀, a ó sì fà á pẹ̀lẹ́. Bí a bá fà á le, ẹ̀wọ̀n á di okùn. N kì í gé òwú kó gùn ju ìka ọwọ́ dé ìgúnpá lọ, nítorí èyí tó bá gùn máa ń lọ́ra, á sì gbó kí a tó rán an tán. Nígbà tí mo parí, mo fi omi díẹ̀ tọ́ pépà náà, mo fà á ya kúrò lábẹ́ òwú, ẹja funfun méjì sì yọ lórí aró.

Irun náà, ẹ̀yìn ni mo ṣe é fún. Òwú dúdú tí àwọn onídìrí fi ń kó irun ni mo rà, mo nà án láti etí irun dé àtàrí, ní ẹsẹẹsẹ, mo sì fi abẹ́rẹ́ dè é mọ́lẹ̀ káàkiri kí ọmọdé má baà fà á tu. Gbogbo rẹ̀ wá pàdé lókè, ó di ṣùkú. N kò wé gèlè fún un, kó má baà bo ọnà irun. Ìró rẹ̀ ní rọ́bà níbàdí, ó ṣeé bọ́.

Ọ̀já rẹ̀ jẹ́ ànkárá, ínǹṣì 60 ní gígùn, ínǹṣì márùn-ún ní fífẹ̀ lẹ́yìn tí mo ṣẹ́ ẹ po. Ọmọ àbúrò mi tẹ̀ ba, mo bá a gbé e sẹ́yìn, ẹsẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọ̀já gbá ìdí rẹ̀ mú. Ó sáré yí gbogbo àgbàlá po, ọmọ kò yẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní òun rí ẹja.

Fún fífọ̀, mo máa ń bọ́ bùbá àti ìró sọ́tọ̀, mo fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ara rẹ̀, mo tẹ omi jáde, n kì í fún un. Ìbàdí ni mo fi ń so ó mọ́ okùn, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀, kí òwú inú rẹ̀ má baà wọ́ lọ sí orí. Nígbà òjò, mo máa ń yí i padà léraléra kí inú rẹ̀ lè gbẹ dénú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bu. Àbúrò rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún tirẹ̀ báyìí, èyí tí yóò jẹ́ ínǹṣì 10. Ẹ̀yìn bùbá ìyẹn kò lè gba ẹja méjì, nítorí náà ẹja kan ni mo ti yà sórí pépà, láìní ìpẹ́ rárá, ara àti ìrù àti ojú nìkan.