Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa dé ọ́fíìsì aṣojú-ṣòfin

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni ìròyìn náà dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé ni, mo ń gbé ẹ̀wà àná kaná, ni fóònù mi bá dún. Bùrọ̀dá Délé ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà, àwọn sì ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa.

"Àbúrò, wọ́n ti fagi lé ìwé àdéhùn wa o."

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn VA, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, ọjọ́ 27, Ààrẹ Trump bu ọwọ́ lu àṣẹ kan pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúnàádúrà mọ́, nítorí ààbò orílẹ̀-èdè. Àṣẹ yẹn ni VA fi fòpin sí àdéhùn tó wà láàárín òun àti AFGE, ẹgbẹ́ tó tóbi jù nínú wa, àti ẹgbẹ́ mẹ́rin mìíràn. Ọlọ́pàá, panápaná àti ẹ̀ṣọ́ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó: ẹni tó gbé ìbọn há ìbàdí ṣì ní ẹgbẹ́, èmi tí mò ń gbé póò kiri ni mo wá di ọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè.

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Àǹtí mi, kí lẹ tún ń wò? Ẹ daṣẹ́ sílẹ̀ ni!" Mi ò bá a wí. Ọjọ́ 30 oṣù Keje ni ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje tiwọn, ara rẹ̀ ṣì gbóná. Mo ṣàlàyé fún un pé ní tiwa níbí, òfin ò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ rárá. Àwọn tó ń jókòó sílẹ̀ darí ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú dán an wò lọ́dún 1981, Ààrẹ Reagan sì lé àwọn tó lé ní 11,000 nínú wọn dànù. Ohun tí òfin ọdún 1978 fún wa ni pé ká jókòó ti ọ̀gá, ká dúnàádúrà, ká kọ ohun tá a fẹnu kò sí sílẹ̀. Ìyẹn náà ni wọ́n wá gbà yìí.

Bùrọ̀dá Délé ló sọ fún mi pé àbá òfin kan wà nílẹ̀, Protect America's Workforce Act, H.R. 2550. Jared Golden ti Maine tó jẹ́ Democrat àti Brian Fitzpatrick ti Pennsylvania tó jẹ́ Republican, ẹgbẹ́ òṣèlú Trump, ló jọ gbé e kalẹ̀, láti fi pa àṣẹ ààrẹ yẹn rẹ́. Àwọn olórí ilé aṣojú-ṣòfin ò gbé e síta fún ìbò. Ọ̀nà tó kù ni ohun tí wọ́n ń pè ní discharge petition: bí aṣojú 218 nínú 435 bá ti bu ọwọ́ lù ú, àbá náà á jáde, olórí ilé ì báà fẹ́, ì báà kọ̀. Àwọn Democrat nìkan ò lè pé iye yẹn. Republican sì ni aṣojú tiwa.

"Ìwọ lò ń gbé ládùúgbò rẹ̀," ni Bùrọ̀dá wí. "Ìwọ ni kó o lọ." Àdúgbò aṣojú mìíràn ni àwọn ń gbé, ọ́fíìsì aṣòfin kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá ẹni tí kì í ṣe ará àdúgbò ẹ̀ lóhùn. Wọ́n kìlọ̀ fún mi gidi kí n tó gbéra: ọjọ́ ìsinmi mi ni kí n lọ, kí n má wọ aṣọ iṣẹ́, kí n má fi káàdì ilé ìwòsàn kọ́rùn, kí n má fi kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ kọ lẹ́tà kankan. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni dí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ láti bá aṣòfin sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ará ìlú ni kó lọ, kì í ṣe bí ẹni tí ilé ìwòsàn rán. Mo pe 202-224-3121, nọ́ńbà Ilé Aṣòfin ní Washington, mo sọ orúkọ aṣojú wa, wọ́n so mí pọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú ogún ní ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà nílùú wa, nínú oṣù Kẹsàn-án.

Ìṣẹ́jú ogún yẹn, mo fi ṣòfò.

Ọmọkùnrin kan tí kò ju àkọ́bí mi lọ ló gbà mí lálejò. Mo kó ìwé ojú ewé mẹ́rin síwájú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn látorí John F. Kennedy, ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lọ́dún 1962 pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa dúnàádúrà. Mo dé orí owó ẹgbẹ́ tí wọn ò yọ nínú owó iṣẹ́ wa mọ́, mo dé orí ilé ẹjọ́. Bíírò ọmọ náà ò kan ìwé. Nígbà tó yá, ó ní: "Kí lẹ fẹ́ kí ọ̀gá mi ṣe gan-an?" Mo ní kí ó ràn wá lọ́wọ́. Ó wá ní VA sọ pé lọ́dún 2024, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ lo wákàtí tó lé ní 750,000 fún iṣẹ́ ẹgbẹ́, lórí owó ìjọba. Ṣé kò yẹ kí wọ́n fi wákàtí yẹn tọ́jú sójà ni? Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Mo kí i pé ó dìgbà, mo lọ jókòó sínú mọ́tò, ojú tì mí.

Bùrọ̀dá Délé ò tiẹ̀ bá mi wí. Wọ́n ní ṣé mo ti dé ọjà Gbági rí? Ṣé mo máa ń to gbogbo aṣọ tó wù mí jọ kí n tó béèrè iye ẹyọ kan? Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe nìyẹn, lórí tábìlì oúnjẹ wọn, ìyàwó wọn ń gbé àmàlà wá. Ojú ewé mẹ́rin di ojú ewé kan, nǹkan kan ṣoṣo ló sì wà lókè rẹ̀: bu ọwọ́ lu discharge petition H.R. 2550. Bùrọ̀dá ní ká fi ẹlẹ́ẹ̀kejì pa mọ́ sí abẹ́ ahọ́n. Bí kò bá lè bu ọwọ́ lù ú nítorí àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, kí ó ṣèlérí pé bí àbá náà bá jáde, bẹ́ẹ̀ ni òun máa dì. "Kò sí oníbàárà tó ń dá iye kan lé tí kì í ní iye kejì nínú."

Ti wákàtí 750,000 yẹn ńkọ́? Iṣẹ́ Bùrọ̀dá gan-an ni. Bí ọ̀gá bá pe òṣìṣẹ́ láti bi í ní ìbéèrè tó lè di ìyà sí i lọ́rùn, òfin ní ó lè béèrè fún aṣojú ẹgbẹ́ kí ó jókòó tì í. Ta ló ń jókòó? Nígbà wo? Bí wákàtí náà bá pọ̀ jù lójú ẹnikẹ́ni, orí tábìlì ìdúnàádúrà la ti ń dín in kù, wọn kì í torí ẹ̀ fa gbogbo ìwé ya.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà jù ni aládùúgbò mi kan, àgbàlagbà tó jagun ní Vietnam. Bàbá ni mo máa ń pè wọ́n, wọ́n sì ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mi ò jẹ́ mú aláìsàn kankan láti wọ́ọ̀dù mi, mi ò sì jẹ́ sọ ìtàn aláìsàn mi fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì tọ́. Bàbá yìí fúnra wọn ló ní àwọn máa tẹ̀ lé mi.

Oṣù Kẹwàá la padà lọ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti tì pa nígbà náà nítorí àìfẹnukò lórí ìsúná, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn wa ò tì, torí pé ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti ń ya owó ìtọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì sọ́tọ̀. Ọmọkùnrin ọjọ́sí náà ló tún jáde sí wa. Bàbá kọ́kọ́ ṣàròyé pé àga wọn ò ní tìmùtìmù. Wọ́n wá ní: "Nígbà tí mo wà lójú ogun, ẹni tí mò ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ẹni tó lè sọ fún ọ̀gá pé ọ̀nà yìí ò dáa. Nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi." Wọn ò sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bíírò ọmọ náà ń sáré. Èmi béèrè ti àkọ́kọ́, ó ní òun ò lè ṣèlérí ìyẹn. Mo mú ti abẹ́ ahọ́n jáde. Ó ní òun máa jẹ́ iṣẹ́ náà.

Mo kọ lẹ́tà ọpẹ́ ṣọwọ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà ni mo wá ará ibi iṣẹ́ wa mẹ́tàlélógún tó ń gbé ládùúgbò aṣojú yẹn, mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi kan tí kò lò tán. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń pe ọ́fíìsì náà látilé, wọ́n á sọ òpópónà tí wọ́n ń gbé, wọ́n á sọ gbólóhùn méjì péré. Ìpè kan lẹ́ẹ̀kan ni mo fi ń bẹ wọ́n. Àwọn tí mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí lápapọ̀ kò pe ẹnikẹ́ni. Àwọn tí mo pè lórúkọ ni wọ́n pè.

Nínú oṣù Kọkànlá, ìbuwọ́lù pé 218. Kò sí orúkọ aṣojú wa níbẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ni wọ́n dìbò: 231 fara mọ́ ọn, 195 kò fara mọ́ ọn. Ogún Republican ló wà nínú àwọn 231 náà. Mo ń fi ìka tẹ̀ lé orúkọ wọn lójú fóònù nínú yàrá ìsinmi wa, mo bá tirẹ̀ níbẹ̀. Mo pariwo débi pé ẹni tó ń sùn lórí àga ta jí.

Mo pe Bùrọ̀dá Délé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Sẹ́nétọ̀ ńkọ́?"

Mo ti kọ orúkọ àwọn aṣòfin àgbà méjèèjì ìpínlẹ̀ wa sí ojú ewé tuntun nínú ìwé náà. Ọ́fíìsì èyí tó sún mọ́ wa tó ìrìn wákàtí méjì. Bàbá ti ní àwọn máa lọ, ṣùgbọ́n àwọn máa gbé tìmùtìmù tiwọn dání.