Bẹ́ẹ ṣe lè fi etí àwọn Hébérù gbọ́ ọ̀rọ̀ "ogún" nínú Bíbélì Yorùbá yín

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀, torí orí ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ bàbá wa àgbà n'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo tẹ̀lé wọn dóko. Bàbá tó dàgbà jù nínú ẹbí ló mú okùn dání, ẹnì kan di ìkángun kejì mú, wọ́n á ta á, wọ́n á fà á kó le, wọ́n á ní ibí ló kàn, wọ́n á wá gbin pèrègún síbẹ̀. Tí okùn yẹn bá ti le báyìí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́, gbogbo wa ń wo ibi tó máa bọ́ sí. Ọjọ́ yẹn ni Sáàmù 16 ẹsẹ 6 tó yé mi, "Okùn títa bọ́ sọ́dọ̀ mi ní ibi dáradára". Okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ ló ń sọ, ḥevel làwọn Hébérù ń pè é, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni mo ti ń kà á bí ẹni ń ka "okun", agbára.

Torí náà ohun tẹ́ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ẹ wá Bíbélì tó lámì ohùn, tí tiyín ò bá ní, ẹ mú bíró kẹ́ẹ fi sí i fúnra yín. Ẹ má fojú kéré ẹ̀. Mo ti jókòó ti ẹnì kan ní ìpàdé àdúrà tó ń ké kíkankíkan lórí "ogun bàbá mi" nínú 1 Àwọn Ọba 21, ó rò pé ogun tó ń ja ilé bàbá òun ni, ogún sì ni Nábótì ń wí, ọgbà àjàrà tó jogún lọ́wọ́ àwọn bàbá ẹ̀. Ó dùn mí, torí ọ̀rọ̀ ìtùnú tó wà níbẹ̀ fò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dáńlóòdù áàpù Bíbélì kan tó ní nọ́ńbà Strong, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ Hébérù kọ̀ọ̀kan kẹ́ẹ lè mọ èyí tó wà nídìí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹyọ kan péré ti tó, kẹ́ẹ dáńlóòdù ẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa. Tẹ́ẹ bá tẹ "ogún" tàbí "ìní" nínú Májẹ̀mú Láéláé, ibi púpọ̀ lẹ ti máa rí 5159, naḥalah. Ẹ ṣọ́ra fún 5158 o, lẹ́tà tó jọra ni wọ́n fi kọ ọ́ àmọ́ odò àfonífojì nìyẹn. Naḥalah ni ilẹ̀ ẹbí, èyí tó ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Léfítíkù 25 ẹsẹ 23 ní ẹ ò gbọ́dọ̀ tà á pátápátá torí Ọlọ́run ló ni ín, tí ẹni tó kù díẹ̀ káàtó fún bá sì tà á, ní ọdún 50 ó máa padà sílé. Ìdí nìyẹn tí Nábótì ò fi gbowó Ọba Áhábù tó fẹ́ ra ọgbà ẹ̀. Ẹ tún ka Númérì 27, àwọn ọmọbìnrin Sẹlófẹhádì márààrún tí wọ́n dìde bèèrè ogún bàbá wọn, tí Ọlọ́run sì ní ẹjọ́ wọn tọ́. Ẹ kà á sókè níwájú àwọn bàbá ẹbí, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ bi àwọn àgbà léèrè bí wọ́n ṣe pín tiwọn, ṣé ìdí-igi ni (iye ìyàwó ni wọ́n fi pín in) àbí orí-ò-jorí (iye ọmọ ni wọ́n fi pín in), kẹ́ẹ tó ṣí Diutarónómì 21 ẹsẹ 15 sí 17. Ilé olóbìnrin méjì ló wà níbẹ̀, dáwódù ló sì máa gba ìpín méjì, kódà tí bàbá ò bá fẹ́ràn ìyá ẹ̀. Gbólóhùn Hébérù tí wọ́n fi sọ "ìpín méjì" níbẹ̀ náà ni Èlíṣà lò ní 2 Àwọn Ọba 2 ẹsẹ 9. Kì í ṣe pé ó ń bèèrè agbára tó ju ti Èlíjà lọ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó ń sọ ni pé "ẹ jẹ́ kí n jẹ́ àrólé yín". Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìwàásù ló gbà á sí ibòmíì, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹsẹ méjèèjì síwájú ara wọn kẹ́ẹ wò ó.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ẹ̀yà Léfì ò gba ilẹ̀ bíi tàwọn yòókù, Ọlọ́run ní òun ni ogún wọn (Diutarónómì 10 ẹsẹ 9). Ẹ wá ya ìwé ẹ́sásáìsì yín sí méjì, ẹ kọ Sáàmù 16 ẹsẹ 5 àti 6 sápá kan, kẹ́ẹ kọ Diutarónómì 32 ẹsẹ 9 sápá kejì, kẹ́ẹ fi nọ́ńbà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. 2506, ìpín, wà lápá méjèèjì. 2256, okùn, wà lápá méjèèjì! Nínú Diutarónómì, Bíbélì Yorùbá kọ "ìpín" sí i, okùn yẹn ò hàn mọ́, àmọ́ ohun tí Hébérù sọ ni pé Jákọ́bù ni ibi tí okùn ogún Ọlọ́run bọ́ sí. Ọlọ́run náà jogún, èèyàn ló sì jogún. Nígbà tí mo rí i, mo pa fóònù, mi ò lè kàwé mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ Hébérù míì ni segullah, ìṣúra àkànṣe tí Ọlọ́run pe àwọn èèyàn ẹ̀ nínú Ẹ́kísódù 19 ẹsẹ 5. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Dáfídì lò fún wúrà àti fàdákà tara ẹ̀ ní 1 Kíróníkà 29 ẹsẹ 3. Ẹ rántí owó tí ìyá wa máa ń so mọ́ ìṣẹ́tí ìró, tí kì í dà pọ̀ mọ́ owó ọjà.

Tó bá jẹ́ ìpàdé ilé lẹ fẹ́ lò ó fún, ẹ mú okùn ìsáṣọ dání. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì ta á kó le, kí ẹnì kan ka Sáàmù yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ fi okùn yẹn yí gbogbo àwọn tó jókòó ká, àtọmọdé àtàgbà, kí ìyá tó dàgbà jù wá ka ti Diutarónómì. Tí okùn ò bá tó, ẹ so méjì pọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sí ìta ẹ̀.