Bí Mo Ṣe Ya Fọ́tò Àwọn Ilé Àtijọ́ àti Àwòrán Ara Ògiri Àdúgbò Kan

Ohun tí mò ń wá kò ju pé kí ẹni tí kò dé àdúgbò náà rí fọ́tò mi wo, kó sì mọ bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe rí, ibi tó wà, àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fọ́tò tó rẹwà pọ̀ nílẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tó ṣeé fi jẹ́rìí ló ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ yìí náà kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1851, ìjọba ilẹ̀ Faransé rán ayàfọ́tò márùn-ún káàkiri láti lọ ya fọ́tò àwọn ilé àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni Charles Marville ya àwọn òpópónà Paris tí wọ́n fẹ́ wó kí títì lè fẹ̀, Eugène Atget náà sì ń gbé kámẹ́rà onígi rẹ̀ kiri ìlú kan náà láàárọ̀ kùtùkùtù. Atget ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, torí kò dúró lórí àwọn ilé ńláńlá nìkan: ó ya àtẹ̀gùn, ó ya irin tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn, ó ya ojú ìsọ̀.

Mo kọ́kọ́ rin àdúgbò náà já láìgbé kámẹ́rà dání, ìwé kékeré àti bírò nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan kọjú sí ni mò ń kọ sílẹ̀. Èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn, àárọ̀ ni tirẹ̀. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó di ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ilé tí ẹ ń yà, iwájú ilé á ṣókùnkùn, ojú ọ̀run á sì funfun báláú. Mo tún kọ ibi tí wáyà iná gbà kọjá, igi tó bo fèrèsé, àti ibi tí ọkọ̀ máa ń dúró sí.

Ohun tó máa ń ba fọ́tò ilé jẹ́ jù lọ ni kéèyàn dúró sídìí ilé gíga, kó wá gbé ojú kámẹ́rà sókè. Ògiri méjèèjì á máa súnmọ́ra lókè, ilé á wá dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Lẹ́ǹsì kan wà tí wọ́n ṣe nítorí èyí, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, mi ò sì rà á. Mo sún sẹ́yìn dé òdìkejì títì, mo jẹ́ kí kámẹ́rà dúró ṣánṣán kó sì kọjú sí ògiri gbọnrangandan, mo fara mọ́ títì púpọ̀ tó wọ ìsàlẹ̀ fọ́tò, mo wá gé e kúrò nígbà tí mo délé. Níbi tí títì ti há, mo tọrọ àyè lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òdìkejì kí n lè dúró lórí àtẹ̀gùn wọn. Kámẹ́rà wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 100, mo sì fi ihò lẹ́ǹsì sí f/8. Bí ojú ọ̀run bá mọ́lẹ̀ ju ilé lọ, mo máa ń ya mẹ́ta léraléra, èyí tó mọ́lẹ̀, èyí tó ṣókùnkùn, èyí tó wà láàárín, kí n lè mú wọn pọ̀.

Ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n mọ ère ewé àti òdòdó sí orí rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ó rí pẹlẹbẹ, èèyàn lè kọjá kó má rí i. Ìgbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ bọ̀, ni gbogbo ewé wá yọ síta, òjìji kékeré lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti fi símẹ́ǹtì tuntun dí ògiri náà hàn kedere, àti ojú sísán tó yí i ká. Símẹ́ǹtì le ju ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri àtijọ́ lọ, kì í sì jẹ́ kí omi inú ògiri rọ́nà jáde, bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ń bó nìyẹn. Ilẹ̀kùn yẹn ni mo yà jù ní gbogbo àdúgbò náà, kò sì sú mi.

Ti àwòrán ara ògiri yàtọ̀ pátápátá. Òun kò fẹ́ òjìji rárá. Ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, tí àwọn ayàfọ́tò mìíràn á jókòó sílé, ni mo máa ń jáde lọ yà wọ́n, torí ìmọ́lẹ̀ á tàn kárí ògiri láìsí ibi tó ń dán. Mo máa ń gbé páálí eérú kékeré kan síwájú ògiri nínú fọ́tò àkọ́kọ́, kí n lè fi tún àwọ̀ ṣe kó bá tojúkojú mu. Àwọ̀ ṣe pàtàkì, torí oòrùn kì í ṣàánú ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ya ògiri lódindi pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, kí n tó ya apá kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí oníṣẹ́ ọnà ti fọwọ́ sí i.

Ibi ìfọwọ́sí yìí ni mo tẹ̀ sí nígbà tí màmá kan jáde sí mi.

“Ọmọ mi, ta ló rán ọ?”

Mo dìde. Mo ní, “Ẹ kúulé mà. Ẹnikẹ́ni ò rán mi, mo kàn fẹ́ kó wà nípamọ́ ni.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì fi ìka kan ibi tí ọ̀dà ti ṣí. “Àwòrán mìíràn ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kun èyí. Wò ó, búlúù.” Lóòótọ́, búlúù àtijọ́ náà wà lábẹ́, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Mo yà á. Òun náà ló dárúkọ àwọn ọmọ àdúgbò tó kun ti ìsinsìnyí fún mi. Ìbéèrè àwọn onílé kì í bí mi nínú. Àwọn tó ń béèrè ló máa ń mọ nǹkan.

Ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ bá wà kí ẹ tó lo fọ́tò irú ògiri bẹ́ẹ̀ fún òwò. Ní Jámánì, òfin gbà kéèyàn ya iṣẹ́ ọnà tó wà títí lọ níta gbangba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ààyè yẹn wà fún ilé àti ère, kò kan àwòrán ara ògiri. Ní Amẹ́ríkà, ẹ lè ya ilé tó hàn sí ìta, ṣùgbọ́n àwòrán ara rẹ̀ ní oníǹkan. Ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà kì í ṣe ohun eré níbẹ̀: lọ́dún 2013, ẹni tó ni 5Pointz, ilé kan ní New York tí àwọn oníṣẹ́ ọnà kun ara rẹ̀, fi ọ̀dà funfun bo àwòrán ara ilé náà lóru, lọ́dún 2018 ilé ẹjọ́ ní kó san mílíọ̀nù 6.75 dọ́là fún oníṣẹ́ ọnà 21.

Nílé, iṣẹ́ tó kù kò dùn, àmọ́ òun ló ń sọ fọ́tò di àkọsílẹ̀. Mo kọ òpópónà, nọ́ńbà ojúlé, ibi tí ilé kọjú sí, ọjọ́ tí mo yà á àti orúkọ oníṣẹ́ ọnà sínú fáìlì fọ́tò gan-an, kì í ṣe sínú ìwé ọ̀tọ̀, kí wọ́n má baà pínyà. Ẹ̀dà kan wà lórí kọ̀ǹpútà, òmíràn lórí ike ìpamọ́ fáìlì tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀kẹta nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Mo yọ gbogbo èyí tí inú yàrá ẹlòmíràn ti hàn láti ojú fèrèsé kúrò. Àwọn tí onílé wọn ní òun ò fẹ́, mo kọ ojúlé wọn sílẹ̀, mo sì fi àyè fọ́tò wọn sílẹ̀ lófìfo.