Yíyàn láàrin ọkọ̀ àtijọ́ àti ọkọ̀ oníná ní Ìkòròdú

Kí ẹ tó náwó, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ méjèèjì níbi tí wọ́n dúró sí, ẹ di ojú yín, kí ẹ wá fi ọwọ́ wá ohun tí a fi ń darí atẹ́gùn inú ọkọ̀. Nínú Toyota Corolla ọdún 2005, bọ́tìnnì oníyíyí ni ọwọ́ yín yóò bà, ṣùgbọ́n nínú Tesla Model 3 tó jẹ́ ọkọ̀ oníná, orí síkírììnì ni ẹ ó ti darí rẹ̀, ojú yín yóò sì ní láti kúrò lójú títì. Èmi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá, pàápàá bí òjò bá ń rọ̀ lọ́nà Mile 12. Lẹ́yìn náà, ẹ ka wákàtí tí iná ń wà ládùúgbò yín fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé bátìrì ọkọ̀ oníná tó ń gba iná 60 kWh, bí ó bá ṣófo, tí iná ilé sì ń fún un ní 3 kWh ní wákàtí kan (ìyẹn 3 kW), yóò gbà tó wákàtí 20, ó kéré tán, kí ó tó kún.