Omi Lásán Ló Jẹ Owó Mi Tán

Bí ẹ bá rò pé ásíìdì ló ń náni lówó jù nínú ṣíṣe èédú olásíìdì, ẹ gbọ́ tèmi. ₦16,500 ni mo ná sórí omi. Omi o! Ṣùkù àgbàdo tí mo fi ṣe èédú náà, ọ̀fẹ́ ni. Ìyá alágbàdo kan ní Kútọ̀ ló kó o fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Ọmọ mi, ṣé ewúrẹ́ lò ń sìn ni?"

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni kí n sọ xylose, ṣúgà tó ń ti ara ṣùkù àti igi jáde, di furfural. Lára furfural ni wọ́n ti ń ṣe gọ́ọ̀mù tó ń di yanrìn pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń da irin. Ásíìdì olómi lè ṣe iṣẹ́ náà, àmọ́ bíi káún nínú ẹ̀wà ló rí: bó bá ti yọ́ wọlé, ta ni yóò ṣà á jáde? Èédú tó gbé ásíìdì sára kò ní wàhálà yẹn. A ó sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, a ó sì tún un lò. Àwọn onímọ̀ ní Jàpáàn ti fi ṣúgà jíjó ṣe irú rẹ̀ ní 2005.

Jíjó ṣùkù ní 400°C níbi tí atẹ́gùn kò ti ráyè, kíkùn ún, sísè é nínú ásíìdì sulfuric tó ki ní 150°C: ìyẹn ò le, bí a bá yọ iná tó lọ lẹ́ẹ̀mejì kúrò.

Mo fọ̀ ọ́ fún wákàtí kan, mo kó o sínú omi xylose, mo dé e pa nínú ìkòkò onírin, ó di 170°C. Bébà tí mo fi aniline acetate rẹ pọ́n fòò! Furfural dé! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ọ̀gá mi ò bá mi jó. Wọ́n ní, "Rẹ èédú yẹn sínú omi gbígbóná, sẹ́ ẹ kúrò, kí o wá fi omi yẹn nìkan ṣe é." Omi yẹn nìkan náà sọ bébà di pupa. Ásíìdì tí kò fọ̀ kúrò ló ń ṣiṣẹ́, èédú mi kàn jókòó bí àlejò ni.

Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá kán barium chloride sínú omi tí a fi fọ èédú, tí sulfate, èyí tí ásíìdì sulfuric ń fi sílẹ̀, bá ṣì wà níbẹ̀, yóò funfun bí omi ìrẹsì. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, funfun. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀ogún, funfun. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi kànga ilé wa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nígbà tí kànga fà, torí ọ̀gbẹlẹ̀ ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi aládùúgbò. Mò ń sè é, mò ń dà á nù.

Bọ̀dá tó ń tọ́jú láàbù wò mí títí. "Àbúrò, ṣé o ti kán oògùn yẹn sínú omi kànga fúnra rẹ̀ rí?"

Mi ò ṣe é rí. Mo kán an. Ó funfun. Mo fi ásíìdì hydrochloric díẹ̀ sí i, bóyá carbonate ló funfun bẹ́ẹ̀, torí ìyẹn á yọ́. Kò yọ́. Sulfate ti wà nínú kànga yẹn kí wọ́n tó bí mi. Ìdọ̀tí ni mo fi ń fọ ìdọ̀tí! Omi "distilled", èyí tí wọ́n sè di oru kó tó padà di omi mímọ́, sì wà gedegbe nínú ìlànà tí mo tẹ̀ lé, èmi ni mo kà á sí àṣejù.

Kẹ́ẹ̀gì distilled mẹ́ta, ní gbígbóná, ló parí ẹ̀. Ní ìfọ̀ kẹjọ, omi mọ́ gaara. Èédú mi sọ bébà di pupa fòò, omi tí mo fi rẹ ẹ́ kò ju pupa ráńpẹ́ lọ, gẹ́lẹ́ bíi xylose tí mo sè nínú omi nìkan, torí ooru náà ń dá díẹ̀ ṣe. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tó mi.

64 g furfural ni 100 g xylose lè mú wá bó ti wù kó dára tó. Tèmi ò sún mọ́ ọn. Apá kan di ìdọ̀tí dúdú tó lẹ̀ mọ́ èédú, nígbà tó fi di ìlò kẹta, agbára rẹ̀ ti ń rọ̀.

Bí mo bá tún un ṣe, ìgbà òjò ni. Omi òjò ni n ó kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn tí mo bá ti kán barium chloride sí díẹ̀ nínú rẹ̀ wò, distilled á wá kẹ́yìn. Kì í ṣe àkọ́rọ̀ òjò o, ìyẹn ń fọ páànù bọ̀.