Bí a ṣe ń fi káyàkì yí erékùṣù Kerrera ká

Erékùṣù Kerrera dínà sí iwájú ìlú Oban ní ìwọ̀-oòrùn Scotland. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 7, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi káyàkì (ọkọ̀ kékeré tóóró tí a ń fi àjẹ̀ wà) yí i ká láti Oban yóò wa ọkọ̀ tó kìlómítà 18 sí 20. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni, tí ẹ bá ka ìsinmi mọ́ ọn. Ọ̀nà náà kò jìn púpọ̀. Àkókò tí kò bá omi mu ló máa ń dá àwọn èèyàn lágara.

Nígbà tí òkun bá ń kún, omi máa ń ṣàn lọ sí àríwá-ìlà-oòrùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì erékùṣù náà. Bó bá ń fà, a ṣàn padà sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, ẹ bá omi tó ń fà sọ̀ kalẹ̀ gba ojú omi tóóró tó wà láàárín Kerrera àti ilẹ̀ ńlá, kí ẹ yí orí gúúsù nígbà tí ìṣàn bá rọlẹ̀, kí omi tó ń kún sì gbé yín lọ sí àríwá. Ẹ gbéra láti etíkun apá gúúsù Oban ní nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ lẹ́yìn tí omi bá kún tán. Ìṣàn máa ń yí padà kí omi tó fà tán, torí náà ẹ wo àtẹ ìṣàn omi pẹ̀lú. Ẹni tó bá fi àkókò ìkún nìkan ṣírò yóò bá omi jà níkẹyìn. Ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn òṣù tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú, ìṣàn máa ń le sí i.

Ẹ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ fún agbègbè Mull of Kintyre sí Ardnamurchan Point. Bí atẹ́gùn gúúsù-ìwọ̀-oòrùn bá tó agbára 4 lórí òṣùwọ̀n Beaufort tí a fi ń wọn agbára atẹ́gùn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn sílẹ̀. Omi tóóró ẹ̀gbẹ́ Oban lè dà bí adágún lọ́jọ́ náà, kó máa tan yín. Ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn, ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn wá ń lu àpáta, ó ń ta padà, ó sì ń pàdé èyí tó ń bọ̀: omi á máa fò sókè láìní ibi tó dorí kọ. Ẹ jìnnà sí àpáta tó mítà 100, ẹ má ṣíwọ́ àjẹ̀.

Kódà nínú oṣù Kẹjọ, omi kì í sábà gbóná ju 14 °C lọ. Ẹ wọ ẹ̀wù tí omi kì í wọ̀ àti láífù jákẹ́ẹ̀tì. Rédíò VHF tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ lójú omi (ìkànnì 16) kó wà lára yín, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tó gùn tó mítà 5, tó ní yàrá tí omi kò lè wọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ló yẹ.

Bí ẹ bá ti kúrò lórí òkúta wẹ́wẹ́, kí ẹnì kejì yẹ lẹ́bẹ́ ìsàlẹ̀ ìdí ọkọ̀ yín wò, ìyẹn skeg, tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ tààrà. Òkúta kan ṣoṣo lè há a mọ́ ihò rẹ̀. Ẹ kò ní mọ̀ títí atẹ́gùn yóò fi máa ti ẹ̀yìn yín wá, tí ọkọ̀ á sì máa yí imú padà sí i.

Ilé olódi Gylen, tí wọ́n kọ́ ní 1582, tí iná sì jó ní 1647, ló ń tọ́ka ibi ìsinmi ní gúúsù. Lẹ́yìn ibẹ̀, ibi tí ẹ lè gúnlẹ̀ sí kò pọ̀: Barr-nam-boc, níbi tí wọ́n ti ń kó màlúù láti erékùṣù Mull gúnlẹ̀ láyé àtijọ́, lẹ́yìn náà Slatrach, tó ní iyanrìn. Ẹ sàmì sí méjèèjì lórí máàpù kí ẹ tó gbéra.

Òpó òkúta Hutcheson ni yóò sọ fún yín pé ẹ ti dé orí àríwá. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Oban, ọ̀nà náà sì dín. Ẹ rọ̀ mọ́ etí Kerrera, ẹ wọ Ardantrive Bay, kí ẹ dúró wo iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ ńlá kan bá wà lójú, ẹ jẹ́ kó kọjá, kí ìgbì rẹ̀ náà sì rọlẹ̀, kí gbogbo yín tó jọ sọdá pọ̀ sí Oban.